Scrivener: ohun tí mo fi kọ ìtàn àròsọ mi parí láàárín iṣẹ́ àti ọmọ

Alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá ni mo kọ gbólóhùn tó kẹ́yìn nínú ìtàn àròsọ mi. Àwọn ọmọ ti sùn, ẹ̀rọ ìfọṣọ ń yí lọ́wọ́, mo sì rí i pé kò sí nǹkan kan mọ́ tí mo fẹ́ kí obìnrin inú ìtàn náà sọ. Ọ̀rọ̀ 71,240. Oṣù 14 ló gbà mí. Orí Scrivener, ètò ìkọ̀wé orí kọ̀ǹpútà kan, ni mo ti kọ gbogbo rẹ̀, ẹni tó bá ní iṣẹ́, tó ní ọmọ, tí kì í sì í rí ju ogún ìṣẹ́jú lọ lóòjọ́ ni mo ń kọ èyí fún.

Tẹ́lẹ̀, fáìlì gbọọrọ kan ṣoṣo ni mo máa ń lò. Bí mo bá ti ṣí i báyìí, ojú ewé kìíní ni màá kọ́kọ́ rí, màá sì bẹ̀rẹ̀ sí í tún un ṣe. Ìlà kan níbí, kọ́mà kan lọ́hùn-ún, ogún ìṣẹ́jú á ti tán. Ọdún méjì gbáko ni mo fi tún orí kìíní ṣe.

Wẹ́wẹ́ ni Scrivener máa ń gé ìwé sí. Àtẹ kan wà lápá òsì, ìṣẹ̀lẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní ojú ewé tirẹ̀ níbẹ̀, ẹ sì lè fà á sókè tàbí sísàlẹ̀ bó bá ṣe wù yín. Bí ẹ bá fẹ́ ka mélòó kan pọ̀, ẹ ṣà wọ́n, á sì tò wọ́n tẹ̀ léra wọn bí ìwé kan. Èyí tí mo bá ń kọ lọ́wọ́ nìkan ni mò ń rí. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kan tí ara ọmọ mi kò yá, mo jókòó ti ibùsùn rẹ̀, mo sì kọ ìjà ìyá àti ọmọ tó wà ní orí kọkànlá, nígbà tí mi ò tíì fọwọ́ kan orí karùn-ún. Ẹ̀rù tó wà lára mi lówùúrọ̀ yẹn ló gbé ọ̀rọ̀ náà jáde. Ká ní mo dúró dìgbà tí yóò kàn án ni, ì bá ti tutù. Mo fi í sí àyè rẹ̀, mo sì padà sí orí karùn-ún lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì.

Ibi tí wọ́n ti ń ṣètò iye ọ̀rọ̀ ni mo fẹ́ràn jù. Ẹ ó sọ iye ọ̀rọ̀ tí ẹ fẹ́ kí ìwé náà jẹ́ fún un, ọjọ́ tí ẹ fẹ́ parí, àti àwọn ọjọ́ tí ẹ máa ń kọ̀wé láàárín ọ̀sẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ á pín in. Ó ku ọ̀rọ̀ 36,000 àti ọjọ́ ìkọ̀wé 120, ìyẹn 300 lóòjọ́, nígbà tí iṣẹ́ bò mí mọ́lẹ̀ tí mo pàdánù ọjọ́ márùn-ún. Mo gbà lọ́kàn mi pé ìwé náà ti kú. Nígbà tí mo ṣí i, 313 ni mo bá níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ 13 péré ni gbèsè mi lóòjọ́! Mo sunkún díẹ̀, mo sì kọ 350 kí n tó dìde.

Ó tún máa ń ya ẹ̀dà ìṣẹ̀lẹ̀ pa mọ́ bí ẹ bá ní kó ṣe bẹ́ẹ̀ kí ẹ tó tún un kọ. Torí rẹ̀ ni mo ṣe láyà láti yọ bàbá kan kúrò nínú ìtàn náà pátápátá.

Kò rọrùn láti mọ̀ lọ́jọ́ kan, pàápàá ibi tí wọ́n ti ń kó ìwé jáde bíi fáìlì Word tàbí PDF. Ẹ sì ṣọ́ra fún pátákó tí wọ́n ń to káàdì sí: ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni mo fi pààrọ̀ àwọ̀ káàdì láìkọ ìlà kan. Mac ni wọ́n kọ́kọ́ gbé e jáde fún ní 2007, ti Windows dé ní 2011, ti iPhone àti iPad ní 2016. Kò sí ti Android, ìyẹn ni fóònù tèmi. Tí mo bá wà lójú ọ̀nà, inú àkọsílẹ̀ fóònù ni mo ń kọ ọ́ sí, tí mo bá délé màá dà á síbi tó yẹ.

Ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n ń sanwó rẹ̀, kì í ṣe lóṣooṣù. Ọjọ́ 30 tí wọ́n fún èèyàn láti dán an wò lọ́fẹ̀ẹ́ tún bá ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ dí mu gan-an: ọjọ́ tí ẹ bá ṣí i nìkan ni wọ́n ń kà. Bó bá jẹ́ ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀ ni ẹ ń lò ó, á gbé yín dé ọ̀sẹ̀ 15. Orí kẹrin ni mo wà nígbà tí tèmi tán, mo sì sanwó lọ́jọ́ náà.

Lánàá ni mo kó gbogbo rẹ̀ jáde bíi Word, mo fi ránṣẹ́ sí àbúrò mi obìnrin. Ó ti ka orí mẹ́ta, ó ń bi mí pé ta ni ìyá yẹn ń bínú sí gan-an.