Ṣọ́ọ̀bù tó bá wa tẹ aṣọ ìrántí ọmọ wa tó ń sáré, ní Ṣómólú

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ iye tó jẹ́, torí mo mọ̀ pé òun lẹ máa kọ́kọ́ bèèrè. ₦6,500 ni tí-ṣẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan, aṣọ òwú (cotton) tó nípọn, wọ́n tẹ̀ ẹ́ níwájú, wọ́n tẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn. Ó wọ́n. Ní Ṣómólú yìí kan náà, ẹ máa rí ẹni tó máa ṣe é fún yín ní ₦4,500, kò sì ní pẹ́ rárá. Ọ̀dọ̀ irú wọn ni mo kọ́kọ́ gbà lọ, ẹ̀ẹ́ sì gbọ́ ohun tí ojú mi rí níbẹ̀.

Tíṣà eré ìdárayá ni mí níléèwé girama kan l'Ékòó. Ọmọ tá a fẹ́ ṣèrántí rẹ̀ wà ní SS2, mítà 400 sì ni eré tirẹ̀. Ẹni tó bá ti sá eré yẹn rí mọ̀ pé ọgọ́rùn-ún mítà àkọ́kọ́ kì í ṣe wàhálà, ìgbà téèyàn bá já kọ́nà kejì tán ni ẹsẹ̀ ń di òkúta. Ibẹ̀ gan-an lọmọ yìí ti máa ń já àwọn yòókù sílẹ̀. Tó bá ti wá rẹ̀ ẹ́ dé ojú ẹ̀, ètè rẹ̀ á ká, èjí rẹ̀ á yọ síta gbangba, ẹ ó ṣe bí ẹni pé ẹ̀rín ló ń rín. Àwọn ọmọ iléèwé míì tiẹ̀ ti fẹjọ́ rẹ̀ sùn mí rí pé ó ń fi àwọn ṣe yẹ̀yẹ́ lórí pápá. Kì í ṣe ẹ̀rín kankan, bí ojú rẹ̀ ṣe ń rí nìyẹn tí ìyà bá ń jẹ ẹ́.

Àìsàn tí kò tó ọ̀sẹ̀ kan ló mú un lọ, nígbà tí wọ́n wà nínú ọlidé. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀ níbí.

Ẹ̀yin náà mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe rí nílẹ̀ wa. Tó bá jẹ́ òkú àgbà ni, a mọ gbogbo ohun tá a máa ń ṣe: aṣọ ẹbí, màlúù, ike, tawẹ́ẹ̀lì, orúkọ bàbá tàbí ìyá olóògbé gàdàgbà lára gbogbo ohun tá a bá pín. Òkú ọ̀fọ̀ ò ní gbogbo ìyẹn. Òbí kì í dé ibi tí wọ́n sin ọmọ rẹ̀ sí, ẹnikẹ́ni kì í pín ike. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ̀ jálẹ̀ nígbà táwọn ẹlẹgbẹ́ ọmọ náà wá bá mi pé àwọn fẹ́ wọ aṣọ tí àwòrán rẹ̀ wà lára rẹ̀ lọ́jọ́ inter-house. Wọn ò jẹ́ kí n gbádùn. Ni mo bá gba ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ lọ. Mo rò pé ó máa lé mi jáde ni.

Ó dákẹ́ títí, ó wá ní, "Kóòṣì, àwọn tó bá a sáré ni kẹ́ ẹ jẹ́ kó wọ̀ ọ́. Mi ò fẹ́ kí àgbàlagbà kankan wọ̀ ọ́ o, títí kan ẹ̀yin náà." Ó ní a ò gbọ́dọ̀ kọ "Adieu" sí i, a ò gbọ́dọ̀ kọ "Sùn un re" sí i. Oríkì tí ìyá ìyá rẹ̀ máa ń fi pè é láàárọ̀ ni ká kọ sẹ́yìn, kó sì tán síbẹ̀.

Iṣẹ́ tí mo gbé dé Ṣómólú nìyẹn: aṣọ ogójì, bánà kan, fọ́tò kan, oríkì kan.

Ọmọkùnrin tó wà ní ṣọ́ọ̀bù àkọ́kọ́ kò tiẹ̀ gbójú sókè wò mí. Ó ní kí n fi fọ́tò ránṣẹ́ sórí WhatsApp, kí n lọ jókòó. Kí n tó mu omi inú ọ̀rá kan tán, ó ti parí. Àwòṣe kan wà lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀ tó ń lò fún gbogbo òkú, orí ẹni tó bá kú ló kàn máa ń pààrọ̀: ìkúùkù níbí, ẹyẹlé méjì lọ́hùn-ún, wúrà yí gbogbo ẹ̀ ká, "A dúpẹ́ fún ayé tó gbé" lókè. Ayé wo? Ọmọ tí kò tíì jókòó ṣe WAEC! Ó sì tún ti gbé ojú ọmọ sínú ọ̀kan nínú àwọn áàpù tó ń tún fọ́tò ṣe. Àwọ̀ rẹ̀ ti pọ́n. Òógùn ti gbẹ lójú rẹ̀. Èjí ti dí, eyín funfun nini ló wà níbẹ̀. Mo fi han àwọn ọmọ mi lórí fóònù, ọ̀kan nínú wọn bi mí pé, "Kóòṣì, ta nìyí?"

Mo ti san àsansílẹ̀ kí n tó ríran. Kò dá a padà, èmi náà ò bá a jà. Aṣọ kan tó ti tẹ̀ bí àpẹẹrẹ, mo gbé e délé, mo fọ̀ ọ́: ẹ̀ẹ̀kan péré, iwájú orí ọmọ ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí kúrò lára aṣọ.

Ṣọ́ọ̀bù kejì tí mo wá kọ nípa rẹ̀ gan-an wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ó ga, ẹni tí orúnkún bá ń dùn kó rán ọmọ lọ. Bàbá kan ló ni ín, ó ti wà nídìí iṣẹ́ ìtẹ̀wé látìgbà tí wọ́n ṣì ń to lẹ́tà onírin ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọmọbìnrin kan ló ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà lọ́dọ̀ rẹ̀. Mo ní aṣọ ìrántí ni mo fẹ́ ṣe. Bàbá ò bèèrè iye aṣọ, kò bèèrè ìgbà tí mo fẹ́ gbà á. Ó ní, "Ọmọ ọdún mélòó?" Mo sọ fún un. Ó yí rédíò rẹ̀ wálẹ̀, ó kọjú sí ọmọbìnrin náà: "Kò ní sí wúrà nínú ẹ̀ o."

Mo ti mọ̀ látibẹ̀ pé iṣẹ́ máa ṣe.

Ó wo fọ́tò tí mo mú wá, ó ní ó ti fọ́. WhatsApp máa ń fún fọ́tò pọ̀ kó lè tètè lọ. Lójú fóònù ẹ ò ní mọ̀, ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá sọ ọ́ di ńlá lára aṣọ, ẹ̀ẹ́ rí i bó ṣe máa dà bàìbàì. Ó ní kí ẹni tó yà á gan-an fi ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí document, kó má fi ránṣẹ́ bíi fọ́tò. (Ẹ fi èyí sọ́kàn o, òun nìkan ló ba iṣẹ́ ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ́.) Ọ̀rẹ́ ọmọ náà tí wọ́n jọ ń sáré ló yà á lójú ìlà ìparí. Apá ọmọ míì wọnú rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, bébà nọ́ńbà tí wọ́n fi píìnì mọ́ ọn láyà ti yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, òógùn ń kán ní àgbọ̀n. Ọmọbìnrin ìdí kọ̀ǹpútà fẹ́ gé apá yẹn kúrò, ó sì fẹ́ to nọ́ńbà náà tọ́. Mo gbà kó gé apá. Bàbá ní kó fi nọ́ńbà sílẹ̀ bó ṣe wà, ẹni tó ń sáré kì í rántí tún nọ́ńbà ṣe. Ó wá na ìka sí eyín lójú kọ̀ǹpútà: "Èjí yìí, ti ẹ̀ ni?" Mo ní ti ẹ̀ ni. "Ẹ má fọwọ́ kàn án."

Ọ̀rọ̀ oríkì ló gba àkókò wa jù. Ẹ mọ̀ pé fọ́ǹtì tó pọ̀ jù nínú èyí tí àwọn atẹ̀wé ń lò kò mọ àmì èdè wa. Bí ọmọbìnrin náà ṣe ń tẹ̀ ẹ́, àpótí ṣófo méjì ló ń jáde láàárín oríkì ọmọ olóògbé. Ó ní, "Dádì, ṣé ká kúkú yọ àmì kúrò?" Ìyẹn ni ṣọ́ọ̀bù mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá máa ṣe, aṣọ ẹbí tẹ́ ẹ ní nílé ló máa jẹ́rìí mi. Bàbá ní rárá, ká wá fọ́ǹtì míì. Charis SIL ni wọ́n padà lò, ọ̀fẹ́ ni lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àmì òkè àti ìsàlẹ̀ sì jókòó sáyè wọn. Lẹ́tà rẹ̀ tinrín díẹ̀ lójú mi, wọ́n bá mi mú kó nípọn sí i.

Fún ẹni tó fẹ́ mọ irú ìtẹ̀wé tí wọ́n lò: DTF (direct-to-film) ni. Àwọ̀ ewé ni ilé tí ọmọ náà wà níléèwé, àwọ̀ ewé dúdú, òun la sì fẹ́ kí aṣọ jẹ́. Sublimation, irú ìtẹ̀wé míì tó dínwó, ò lè ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀, torí aṣọ polyester funfun tàbí èyí tó mọ́lẹ̀ nìyẹn ń fẹ́. Tí aṣọ bá dúdú, àwòrán ò ní hàn. DTF máa ń tẹ àwòrán sórí ọ̀rá kan, wọ́n á tẹ yíǹkì funfun lé e kí àwọ̀ lè yọ, wọ́n á wọ́n ìyẹ̀fun gọ́ọ̀mù sí i, wọ́n á wá fi ẹ̀rọ gbígbóná tẹ̀ ẹ́ mọ́ aṣọ, bí ìwọ̀n 160 lórí òṣùwọ̀n Celsius fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Tí wọ́n bá ṣí ọ̀rá kúrò tán, ó yẹ kí wọ́n tún un tẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Àtúntẹ̀ yẹn làwọn olówó pọ́ọ́kú máa ń fò, fífò tí wọ́n ń fò ó ló ń jẹ́ kí àwòrán ṣí. Àwọn ọmọ mi ti ń fi aṣọ yìí ṣe tirénìn láti ìgbà náà, wọ́n sì ń fọ̀ ọ́ bí ọmọdé ṣe ń fọṣọ, kò sí èyí tó tíì ṣí. Ẹ yí inú rẹ̀ síta kẹ́ ẹ tó fọ̀ ọ́, ẹ má fi jíìkì sí i, ẹ má lọ áyọ́ọ̀nù lórí àwòrán.

Bánà ni ọ̀rọ̀ fẹ́ bẹ́yìn yọ lé lórí. Ọ̀gá iléèwé wa ló ní ká fi àwòrán Samuel Okwaraji sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ọmọ wa, pé ìwé àti eré làwọn méjèèjì dì mú pọ̀. Irọ́ kọ́. Lọ́yà ni Okwaraji, ó kàwé nípa òfin àgbáyé ní yunifásítì ní Róòmù, ó sì ń gbá bọ́ọ̀lù fún Nàìjíríà. Ọmọdé ni mí ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹjọ ọdún 1989, ojú fèrèsé ará ilé wa ni mo ti ń yọjú wo tẹlifíṣọ̀n. Àǹgólà la ń bá gbá a ní National Stadium ní Sùúrùlérè, ká lè lọ sí ife àgbáyé 1990. Stephen Keshi ti jẹ góòlù kan. Ní ìṣẹ́jú 77, Okwaraji ṣubú lulẹ̀, kò sẹ́ni tó gbá a lẹ́sẹ̀, kò sẹ́ni tó tì í. Ọmọ ọdún 25. Àyẹ̀wò òkú sọ pé ọkàn rẹ̀ ti wú ju bó ṣe yẹ lọ, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì ń ru. Ère rẹ̀ wà níwájú pápá ìṣeré yẹn, ẹ̀ẹ́ rí i tẹ́ ẹ bá ń kọjá lọ sí pápá ìṣeré Teslim Balogun.

Ọmọbìnrin ìdí kọ̀ǹpútà ò gbọ́ orúkọ yẹn rí, èmi àti bàbá la jọ ń sọ ọ́ fún un. Bí a ṣe parí ìtàn, bàbá ní kí n lọ bá ọ̀gá mi sọ̀rọ̀. Ó ní gbogbo ẹni tó bá wo bánà yẹn á gbà pé orí pápá lọmọ wa ṣubú sí. Ẹ wò ó, ọ̀rọ̀ tí mo ti ń bá àwọn òbí fà láti ìbẹ̀rẹ̀ táámù nìyẹn! Ìròyìn èké ti lọ ká pé eré ló pa ọmọ náà, àwọn kan sì ti yọ ọmọ wọn kúrò nínú tirénìn. Ọ̀gá wa gbọ́, ọmọ náà nìkan ló wà lórí bánà.

Ẹ má rò pé wọn ò ní àléébù. Ọjọ́ tí wọ́n dá fún mi kọ́ ni wọ́n kó aṣọ sílẹ̀. Wọ́n ní iná lọ, jẹnẹrétọ̀ sì ń ṣe ségesège. Mo ti fojú sílẹ̀ de ìyẹn. Èyí tó bí mi nínú ni sáìsì: èyí tí wọ́n kọ M sí tóbi fún àwọn ọmọ JSS, ó bò wọ́n dé orúnkún, kò sì sáyè àtipààrọ̀ mọ́. Ẹ mú aṣọ ọmọ kan dání kí wọ́n fi wọ̀n ọ́n. Ihò okùn tí wọ́n lù sí bánà kò tó, afẹ́fẹ́ pápá ti ya igun kan kí wọ́n tó sá relay. Wọn kì í kọ rìsíìtì àfi tẹ́ ẹ bá bèèrè, wọn ò sì ń ṣe ife ẹ̀yẹ, ibòmíì la ti ra tiwa.

Mi ò kọ orúkọ wọn, kì í ṣe pé mo gbàgbé. Àwọn atẹ̀wé máa ń tẹ nọ́ńbà fóònù wọn wínníwínní sí ìsàlẹ̀ aṣọ lẹ́yìn. Nígbà tí mo yẹ tiwa wò, kò sí níbẹ̀. Mo bi bàbá, ó ní òun kì í polówó ọjà lára òkú ọ̀fọ̀. Mo bèèrè bóyá mo lè kọ nípa iṣẹ́ wọn báyìí, ó ní kí n kọ nípa iṣẹ́, kí n fi orúkọ sílẹ̀. Ẹni tó bá nílò wọn lóòótọ́, kó fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí mi, mo máa júwe. Ẹ bọ́ sílẹ̀ ní Onípáànù, ẹ wọ kẹ̀kẹ́, ẹ má gbé mọ́tò wọ àárín ibẹ̀ torí kò síbi tẹ́ ẹ máa gbé e sí. Wọn kì í ṣí lọ́jọ́ Àìkú. Tí ìdìbò bá sì ti ń sún mọ́lé, ẹ tètè lọ, torí pósítà àwọn olóṣèlú máa gba gbogbo ẹ̀rọ tó wà ní Ṣómólú pátá, kò sì sẹ́ni tó máa dá aṣọ ogójì lóhùn nígbà yẹn.