Ìwé-àpò òfin ìṣèdájọ́ ọ̀daràn tí wọ́n ń tà l'Adó-Èkìtì: ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kẹ́ ẹ tó rà á

Òfin ìṣèdájọ́ ọ̀daràn ti ìjọba àpapọ̀, ti ọdún 2015, ló wà nínú ìwé pélébé yìí. Ó gba inú àpò, lẹ́tà rẹ̀ sì tóbi tó fún ẹni tó ń lo jígí ojú. Nọ́ńbà abala wà lókè ojú-ìwé kọ̀ọ̀kan, kò sídìí fún ṣíṣí kiri níwájú adájọ́. Wọ́n tẹ gbogbo ọ̀rọ̀ inú abala 416 pé pérépéré, títí dé ìpínrọ̀ tó ní kí kọ́ọ̀tù má fún ẹni tí kò dẹ́ṣẹ̀ rí ní ìjìyà tó ga jù lọ. Ìpínrọ̀ yẹn máa ń wúlò gan-an nígbà tí lọ́yà bá ń bẹ̀bẹ̀ fún oníbàárà rẹ̀ kí wọ́n tó dá ẹjọ́.

Gàmù tí wọ́n fi dì í ni kò dáa. Ibi tí wọ́n ń ṣí jù ló kọ́kọ́ ń tú, ìyẹn abala 293 sí 299, ọ̀rọ̀ rìmáàńdì, ìyẹn fífi afurasí sí àtìmọ́lé kí ìgbẹ́jọ́ rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Ewé abala 296 ò sì ṣe é sọnù rárá: ọjọ́ 14 ni májísíréètì lè kọ́kọ́ fi afurasí sí àtìmọ́lé, ó lè fi ọjọ́ 14 mìíràn kún un bí ìdí gidi bá wà. Lẹ́yìn èyí, ìwé ìpè gbọ́dọ̀ lọ bá ọ̀gá ọlọ́pàá àti agbẹjọ́rò àgbà, kí wọ́n wá sọ ìdí tí wọn ò fi ní tú u sílẹ̀. Ẹni tí ewé yìí bá já lọ́wọ́ rẹ̀ lè ṣi ọjọ́ kà, ẹlòmíì ni yóò sì máa sùn ní sẹ́ẹ̀lì.

Àléébù tó wúwo jù ni àtúnṣe. Látìgbà tí òfin ọdún 2019 ti sọ iléeṣẹ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n di iléeṣẹ́ àtúnṣe ìwà, àwọn tó tẹ ìwé náà ti fi orúkọ tuntun rọ́pò ti àtijọ́ káàkiri, láìfi àmì kankan síbẹ̀. Ẹni tó bá kà á yóò rò pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ ọ́ ní 2015. Kò yẹ kí wọ́n fọwọ́ kàn án: Òfin Ìtumọ̀, èyí tó ń sọ bí a ṣe ń ka àwọn òfin mìíràn, ti ní kí á ka orúkọ òfin tí wọ́n fagi lé sí èyí tó rọ́pò rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe pa ìjìyà àtijọ́ rẹ́ nínú àwọn òfin tó wà lẹ́yìn ìwé. Abala 36(8) ìwé òfin ìjọba (kọnsitítúṣọ̀n Nàìjíríà) sì ní kò gbọdọ̀ sí ìjìyà tó wúwo ju èyí tó wà lójú òfin nígbà tí ẹ̀ṣẹ̀ ṣẹlẹ̀. Ẹjọ́ tó ti pẹ́ nílé-ẹjọ́ nílò ọ̀rọ̀ àtijọ́ pẹ̀lú déètì rẹ̀.

Ẹ̀yìn ìwé náà ní "fún gbogbo kọ́ọ̀tù". Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ tí òfin ilé aṣòfin àpapọ̀ dá sílẹ̀, àti ti Àbújá, ló wà fún. Ẹ lè gbé e lọ sí Fẹ́dẹ́rà Haì Kọ́ọ̀tù l'Adó, bí ẹjọ́ oògùn olóró. Àmọ́ ẹjọ́ olè lábẹ́ òfin ìpínlẹ̀, lọ́dọ̀ májísíréètì ní Ìkẹ́rẹ́ tàbí Ìkọ̀lé, òfin ìṣèdájọ́ ọ̀daràn ti Èkìtì, ti 2014, ló ń darí rẹ̀. Nọ́ńbà abala àwọn méjèèjì ò bára mu. Lọ́yà tó bá pe nọ́ńbà tìjọba àpapọ̀ níbẹ̀ ti fún olùpẹjọ́ lóhun tí yóò dì mú.

Bẹ́ ẹ bá ti rà á, ẹ gbé e fún àwọn tó ń dìwé kí wọ́n fi òwú rán ẹ̀yìn rẹ̀. Pẹ́ńsùlù ni kẹ́ ẹ fi kọ àtúnṣe sí etí ojú-ìwé, torí bébà rẹ̀ fẹ́lẹ́, yíǹkì bíìkì ń yọ sódì kejì. Ẹ kọ ọdún òfin tó ṣàtúnṣe síwájú rẹ̀, ẹ fa ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ lórí ọ̀rọ̀ àtijọ́ kó ṣì ṣeé kà. Ẹ má lẹ bébà bò ó. Ẹ wá ẹ̀dà gásẹ́ẹ̀tì (ìwé tí ìjọba fi ń kéde òfin) òfin Èkìtì ti 2014, kí ẹ dì í lọ́tọ̀.