Ìkìlọ̀: Ẹ Ṣọ́ra fún Oníbọ̀sẹ̀ Bàbà Tó Ní Ká Máa Sáré Lọ

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sáré, ẹ dákun, ẹ ka èyí kẹ́ ẹ tó sanwó fún ẹnikẹ́ni. Gbájúẹ̀ kan ń ta ìbọ̀sẹ̀ tí kò ní àtẹ́lẹsẹ̀, irú èyí tí wọ́n ń fà láti ọrùn ẹsẹ̀ dé ìsàlẹ̀ orúnkún. Ó ní okùn bàbà àti òòfà wà nínú ẹ̀, pé ọjọ́ mẹ́ta péré ni ìrora ojúgun á fi lọ, àti pé ká má dá eré dúró rárá. Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yẹn ló mú mi kọ èyí. Owó tó gbà lọ́wọ́ mi ò dùn mí tó bẹ́ẹ̀.

Ojúgun ọ̀tún ló kọ́kọ́ ń ro mí, ní ọ̀sẹ̀ kẹta tí mo bẹ̀rẹ̀. Èmi tí mi ò sáré fún ọdún gbọọrọ, ojoojúmọ́ ni mò ń sá bí ẹni tí ajá ń lé. Oníbọ̀sẹ̀ yìí ò béèrè ìyẹn. Kò béèrè bóyá ó ń dùn mí lóru. Fọ́tò ẹsẹ̀ ló ní kí n fi ránṣẹ́, kò sì tó ìṣẹ́jú kan tó fi ní ẹ̀jẹ̀ mi ni ò ṣàn dáadáa, kí n yáa ra méjì. Mo rà á.

Mo fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, omi pọ́n kuku: aró ni bàbà tí wọ́n ní ó wà nínú ẹ̀. Òòfà wọn ò lè gbé abẹ́rẹ́ ìránṣọ. Mo kọ̀wé sí i pé ìrora ń le sí i, ó ní, “Àìsàn ló ń jáde yẹn, ẹ máa sáré lọ.” Èmi náà gbà, mo ń sáré. Nígbà tó yá, ìrora tó tàn ká tẹ́lẹ̀ kóra jọ sójú kan tí kò ju orí àtàǹpàkò lọ, ó sì ń jí mi lóru. Mo tún kọ̀wé. Ó ti blọ́ọ̀kì mi.

Mo wá lọ rí físíò, ìyẹn ẹni tó ń tọ́jú iṣan àti egungun, ó fi ìka tẹ ojúgun mi láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Bó ṣe dé ojú ibẹ̀, mo fò sókè. X-ray ò rí nǹkan kan (kì í sábà rí i níbẹ̀rẹ̀), MRI, ìyẹn ẹ̀rọ míì tó ń ya àwòrán inú ara, ló fi hàn pé egungun ti sán. Ká ní mo ti sinmi ní ọ̀sẹ̀ kẹta yẹn ni, bóyá kò ní dé bẹ́ẹ̀.

Ìrora ojúgun tó sábà ń mú ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sáré máa ń tàn ká etí inú egungun náà, ó gùn bí ìka mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí pé a fi eré kún eré kí egungun tó mọ́ ọn lára. Ẹ dín in kù, ẹ fi yìnyín sí i, kẹ́ ẹ padà díẹ̀díẹ̀ tó bá ti rọ̀. Tó bá wá jẹ́ ojú kan ló ń dùn, tí ẹ ò lè fò lórí ẹsẹ̀ yẹn, ẹ dá eré dúró, ẹ lọ rí dókítà. Tí ẹran ẹ̀yìn ẹsẹ̀ kan bá wú tó sì gbóná, ọjọ́ yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ lọ, ó lè jẹ́ ẹ̀jẹ̀ dídì.

Ẹ̀tàn bàbà yìí ti pẹ́. Ní 2015, ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà kan, Tommie Copper, gbà láti san mílíọ̀nù 1.35 dọ́là nígbà tí FTC, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo àwọn oníbàárà níbẹ̀, fẹ̀sùn kàn án pé kò ní ẹ̀rí pé aṣọ oníbàbà ẹ̀ ń lé ìrora lọ. Ẹni tèmi kì í ṣe wọn o; tiẹ̀ ò tiẹ̀ ní bàbà.

Bẹ́ ẹ ṣe máa dá a mọ̀ rèé: ó máa ń yí orúkọ padà, àmọ́ àwọn àwòrán ẹ̀ ò yí. Obìnrin mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ń jẹ́rìí níbẹ̀, ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ni gbogbo wọn fi hàn, àpá kan náà lábẹ́ orúnkún. Ó sì máa ń ní kẹ́ ẹ sanwó tààrà sí àkáǹtì òun. Ẹni tó bá ti fi káàdì san, ẹ tètè pe báńkì yín, kẹ́ ẹ má sì pa àtẹ̀jíṣẹ́ kankan rẹ́.