Ọ̀gá ń ya fọ́tò tirẹ̀, àwa tí a sanwó ń dúró dè é: ìrìn-àjò oníkámẹ́rà mi sí Lofoten

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbèrò láti sanwó fún ìrìn-àjò oníkámẹ́rà sí Lofoten, àwọn erékùṣù tó wà ní etíkun àríwá Nọ́wè, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ ka èyí. Mi ò ní kọ nípa bí òkè ibẹ̀ ṣe ga tàbí bí ilé pupa àwọn apẹja wọn ṣe lẹ́wà tó. Kò sẹ́ni tí kò tíì rí àwòrán wọn. Alẹ́ ọjọ́ kan ní etíkun Skagsanden ló mú mi kọ̀wé, inú sì ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí.

Ilé-iṣẹ́ kékeré kan tó máa ń kó àwọn oníkámẹ́rà lọ sí ilẹ̀ òtútù ni mo bá lọ láti Lọ́ńdọ̀nù, nínú oṣù Kẹta. Mi ò ní dárúkọ wọn, torí ọ̀rọ̀ owó ṣì wà láàárín èmi àti wọn. Àwa mẹ́jọ la sanwó. Olórí wa jẹ́ ayàwòrán tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́, tí àwọn èèyàn mọ̀ dáadáa lórí ayélujára. Olùrànlọ́wọ́ rẹ̀ jẹ́ ọmọbìnrin kan tí wọ́n bí sí erékùṣù yẹn gan-an, òun náà ló sì ń wa bọ́ọ̀sì. Nínú ìwé tí wọ́n fi polówó, gbólóhùn kan wà tó jẹ́ kí n tọwọ́ bàpò: wọ́n ní olórí yóò máa ran oníkálukú wa lọ́wọ́ níbi tí a bá ti ń ya fọ́tò. Ẹni tó bá kàn fẹ́ fojú rí Lofoten lè wọ ọkọ̀ ojú omi láti Bodø lọ sí Moskenes, kó sì máa dá rìn lójú títì E10. Ẹ̀kọ́ ni mo sanwó fún ní tèmi, owó náà sì tó ra lẹ́ńsì ńlá.

Ní Skagsanden, iyanrìn dúdú àti iyanrìn funfun ló dàpọ̀ mọ́ra. Tí òkun bá fà sẹ́yìn, omi fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ á kù lórí rẹ̀, ojú ọ̀run á sì máa hàn nínú omi náà. Ibẹ̀ la lọ dúró de aurora, ìmọ́lẹ̀ tó máa ń tàn nígbà tí èérún tó ń ti ara oòrùn wá bá kọlu afẹ́fẹ́ ayé wa ní nǹkan bí 100 kìlómítà sókè. Ó kọ́kọ́ yọ bí ìkùukùu tín-ín-rín. Ojú lásán kì í tètè rí àwọ̀ ewé tó wà nínú rẹ̀, kámẹ́rà ló máa ń kọ́kọ́ rí i.

Mi ò ya aurora rí. Kámẹ́rà mi ń wá fókọ́ọ̀sì, ìyẹn ohun tó ń jẹ́ kí fọ́tò mọ́ kedere, nínú òkùnkùn, kò rí nǹkan kan dì mú. Lẹ́ńsì ń yí síwájú, ó ń yí sẹ́yìn, gbogbo fọ́tò tí mo yà sì ṣe bàìbàì. Olórí wa ti gbé kámẹ́rà tirẹ̀ síwájú gbogbo wa, lẹ́bàá omi níbẹ̀. Mo rìn lọ bá a.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi wò ó, kò mú fókọ́ọ̀sì."

Kò bojú wẹ̀yìn. "Ìṣẹ́jú kan."

Mo padà, mo dúró, mo tún lọ. "Mò ń bọ̀ wá bá yín." Mo dúró títí, kò wá. Nígbà tí mo tún lọ, ó gbé ọwọ́ sókè sí mi láìsọ̀rọ̀, ìyẹn ni pé kí n dákẹ́.

Bí mo ṣe ń padà síbi kámẹ́rà mi ni ojú ọ̀run ṣí. Ìmọ́lẹ̀ náà dé orí wa, ó ń gbọ̀n yẹ́kẹ́yẹ́kẹ́ bí aṣọ tí wọ́n sá síta nínú ìjì, àwọ̀ ewé lókè, àwọ̀ osùn fẹ́ẹ́rẹ́ létí ìsàlẹ̀. Àwọn tó ti ya aurora rí láàárín wa ń pariwo ayọ̀. Èmi ń yí lẹ́ńsì kiri bí afọ́jú. Ọmọbìnrin tó ń wa bọ́ọ̀sì wà lọ́dọ̀ ìyá àgbà kan tó wá láti Jámánì, ẹsẹ̀ kámẹ́rà ìyá náà ti rì sínú iyanrìn tútù. Bó ṣe yanjú tìyá ló sáré wá bá mi.

"Ẹ má bínú, ẹ jẹ́ n wò ó."

Ẹ gbọ́ ohun tó ṣe, kó lè wúlò fún yín. Ó pa fókọ́ọ̀sì aládàáṣe. Ó wá ìràwọ̀ tó mọ́lẹ̀ jù lójú ọ̀run, ó sọ ọ́ di ńlá lójú kámẹ́rà, ó wá ń yí òrùka lẹ́ńsì díẹ̀díẹ̀ títí ìràwọ̀ náà fi kéré bí orí abẹ́rẹ́. Ó ya téèpù kan tó ti lẹ̀ mọ́ apá aṣọ rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ó fi dí òrùka náà. "Ẹ má fọwọ́ kàn án mọ́ títí ilẹ̀ á fi mọ́." Ó ṣí lẹ́ńsì sí 2.8 kí ìmọ́lẹ̀ púpọ̀ lè wọlé, ó gbé ISO, ìyẹn bí kámẹ́rà ṣe ń tètè gba ìmọ́lẹ̀ tó, sí 3200, ó ní kí fọ́tò kọ̀ọ̀kan gba ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́rin. Kò gbà á ní àkókò kankan. Ṣùgbọ́n nígbà tó fi máa ṣe tán, ìmọ́lẹ̀ ti fà padà sẹ́yìn òkè, ohun tó kù fún mi kò ju ẹ̀hàlẹ̀ lọ.

Bó bá mọ níbẹ̀, ǹ bá gba kámú. Àárọ̀ ọjọ́ kejì, nígbà tí a ń jẹun, ẹnì kan nínú wa na fóònù rẹ̀ sí mi. Olórí wa ti gbé fọ́tò alẹ́ àná sórí ayélujára kí ilẹ̀ tó mọ́. Nígbà tí ìmọ́lẹ̀ dé orí wa, ó ti yí kámẹ́rà rẹ̀ padà sọ́dọ̀ wa. Aurora kún gbogbo òkè fọ́tò náà, àwa sì wà nísàlẹ̀ bí òjìji. Òjìji kan wà lápá òsì, ó tẹ̀ kòròbà lórí kámẹ́rà rẹ̀. Èmi nìyẹn. Fìlà mi ni, àpò ẹ̀yìn mi ni.

Mo lọ bá a lórí tábìlì rẹ̀. Mo ní, "Sà, ẹ rí mi. Ẹ fi kámẹ́rà yín rí mi, ẹ mọ̀ pé mo ń dúró dè yín."

Ó ní irú ìmọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀ kì í dúró de èèyàn.

"Kò dúró de èmi náà, èmi ni mo sì sanwó."

Kò fèsì. Ó ń fi ọ̀bẹ ré wàràkàṣì aláwọ̀ búráùn tí wọ́n máa ń jẹ níbẹ̀, ó ń ré e lọ bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ yẹn kan náà ni wọ́n kó wa lọ sórí afárá Hamnøy. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ ọ́n ti mọ̀ ọ́n: ilé pupa létí omi, òkè gíga lẹ́yìn. Gbogbo ẹni tó bá dé Lofoten ló ń ya fọ́tò kan náà níbẹ̀, èjìká sí èjìká, tí ọkọ̀ ńlá ń kọjá lẹ́yìn yín tí afárá sì ń mì. A pẹ́ níbẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Ibi tó wù mí jù ni wọ́n sáré kọjá, ìyẹn ibi tí wọ́n ń sá ẹja sí.

Kí n sọ ọ́ bí mo ṣe rí i. Láti oṣù Kìíní sí oṣù Kẹrin, ẹja kọ́ọ̀dù máa ń ti Òkun Barents wá yé ẹyin sí Lofoten. Láti bí oṣù Kejì ni wọ́n ti ń gbé wọn kọ́ sórí igi gbọọrọ, láìfi iyọ̀ sí i, kí atẹ́gùn òkun àti òtútù gbẹ wọ́n títí di oṣù Karùn-ún. Ara ẹja tó dára jù ń lọ sí Ítálì. Orí rẹ̀ ń lọ sí Nàìjíríà. Pánla wa ni, okporoko wa ni! Mo sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì, mo dúró níwájú orí ẹja tí wọ́n fi okùn so pọ̀ ní ìdì ìdì. Ẹnu wọn là sílẹ̀, eyín wọn wẹ́ẹ́rẹ́wẹ́ẹ́rẹ́, yìnyín díẹ̀ ti dì sínú ihò ojú wọn. Òórùn ibẹ̀ ni òórùn ilé ìdáná ìyá mi l'Ékòó ní ọjọ́ Sátidé.

Ọmọbìnrin náà tẹ̀ lé mi jáde. Ó ní nígbà tóun wà ní kékeré, òun náà máa ń gé ahọ́n kọ́ọ̀dù tà, pé iṣẹ́ àwọn ọmọdé ni níbẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń rí owó tiwọn. Ó ní òun mọ̀ pé Nàìjíríà ni orí wọ̀nyẹn ń lọ, ṣùgbọ́n òun ò tíì rí ẹni tó ń jẹ ẹ́ rí. Ó bi mí bí a ṣe ń sè é. Mo ṣàlàyé fún un bí a ṣe ń rẹ ẹ́ sómi gbígbóná, bó ṣe máa ń pẹ́ lórí iná, bí a ṣe ń dà á sínú ẹ̀fọ́ rírò pẹ̀lú ata àti irú. Ó ń gbọ́, kò wo aago. Olórí ló yọrí lójú fèrèsé bọ́ọ̀sì pé ká máa bọ̀, pé oòrùn máa wọ̀ kí a tó dé etíkun Uttakleiv. Ìwọ̀nba fọ́tò tí mo rí yà níbẹ̀ ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ìrìn-àjò náà. Ta ló máa kó oníkámẹ́rà wá sí Lofoten lóṣù Kẹta tí kò ní fún wọn ní odindi àárọ̀ kan lọ́dọ̀ ẹja?

Ọjọ́ tí a wọ ọkọ̀ ojú omi láti ìlú Svolvær lọ sí Trollfjord, apá òkun kan tó wọ àárín òkè lọ, ni nǹkan yí padà, mo sì gbọ́dọ̀ sọ ọ́ bó ṣe rí. Olórí wa dé etí omi láìgbé kámẹ́rà dání. Kò sọ pé kí n má bínú. Ó kàn wọ aṣọ tí kì í jẹ́ kéèyàn rì sómi bíi tiwa, ó wọnú ọkọ̀, ó dúró sẹ́yìn wa.

Trollfjord tóóró, ẹnu rẹ̀ kò ju nǹkan bí 100 mítà lọ, òkè sì gbé e sáàárín lọ́tùn-ún lósì. Ní 1890, ibẹ̀ ni àwọn apẹja inú ọkọ̀ kéékèèké ti bá àwọn tó ń lo ọkọ̀ ojú omi ńlá oníèéfín jà nítorí ẹja. Idì onírù funfun la wá wò. Ìgbà kan wà tí ìjọba ibẹ̀ ń sanwó fún ẹni tó bá pa á, àfìgbà tí òfin dáàbò bò ó ní 1968. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí mò ń gbé, wọ́n ti pa á tán pátápátá. Láti Nọ́wè yìí ni wọ́n ti kó ọmọ rẹ̀ lọ sí erékùṣù Rùm ní Scotland láti 1975. Tó bá na apá rẹ̀ tán, ó lè tó mítà 2.4.

Awakọ̀ ju ẹja sómi. Àwọn ẹyẹ òkun funfun ló kọ́kọ́ yí wa ká, wọ́n ń ké. Olórí wa ò jẹ́ ká ya ẹyọ kan nínú wọn. Ó wo omi, ó wo oòrùn, ó ní kí awakọ̀ yí ọkọ̀ padà kí atẹ́gùn wà lẹ́yìn wa. Ó ṣàlàyé pé idì máa ń kojú sí atẹ́gùn tó bá fẹ́ gbé ẹja, nítorí náà, tí atẹ́gùn bá wà lẹ́yìn yín, ojú ẹyẹ náà lẹ máa rí, bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ìdí rẹ̀ lẹ máa yà lọ sílé. Ó lọ yẹ kámẹ́rà wa wò lọ́kọ̀ọ̀kan: kí fọ́tò kọ̀ọ̀kan gba 1/2000 ìṣẹ́jú-àáyá tàbí kó yára jù bẹ́ẹ̀, kí fókọ́ọ̀sì máa tẹ̀ lé ẹyẹ láìdúró. Ó ní, "Ẹ má wo ẹja. Ẹ mú ẹyẹ láti òkè, kẹ́ ẹ sì bá a bọ̀."

Ó dúró lẹ́yìn mi, ó di èjìká aṣọ mi mú kí ọkọ̀ má bàa gbé mi ṣubú. Idì kan já kúrò lára òkè. "Òun nìyẹn, ẹ mú un. Ẹ má tíì tẹ̀ ẹ́. Ẹ má tíì tẹ̀ ẹ́. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti jáde, ó yá!" Mo tẹ̀ ẹ́. Ó wà níbẹ̀: èékánná méjèèjì nawọ́ sómi, ojú rẹ̀ yẹ́lò, ẹ̀kán omi kọ̀ọ̀kan dá dúró lófuurufú. Mo ké bí ọmọdé. Òun náà ń rẹ́rìn-ín, ó sì ti lọ bá ẹni tó kàn. Kò sẹ́ni tó tíì kọ́ mi ní fọ́tò yíyà bí ọkùnrin yẹn ṣe kọ́ mi lọ́jọ́ náà, mo sì ti jókòó sí kíláàsì púpọ̀.

Èyí gan-an ló wá ń dùn mí. Ó lè ṣe é! Aurora ò tún yọ títí a fi kúrò. Ìkùukùu bo gbogbo alẹ́ tó kù. Alẹ́ tó lè ràn mí lọ́wọ́ kò ju ẹyọ kan lọ, ó sì fi ya tirẹ̀.

Mo kọ ímeèlì sí ọ́fíìsì wọn. Wọ́n kọ́kọ́ dáhùn pé àwọn dúpẹ́ fún èrò mi, láìdárúkọ ohun tí mo sọ rárá. Mo tún kọ, mo fi fọ́tò tí òjìji mi wà nínú rẹ̀ ránṣẹ́. Ẹlòmíràn ló fèsì, ó ní ojú ọjọ́ kò sí lọ́wọ́ àwọn. Ta ló bá a sọ̀rọ̀ ojú ọjọ́? Ojú ọjọ́ ṣe tirẹ̀, ó yọ aurora sórí mi! Níkẹyìn, wọ́n ní àwọn máa dín owó kù fún mi tí n bá tún bá wọn lọ kí ọdún tó yí po. Mi ò gbà. Apá kan nínú owó mi ni mo fẹ́ kí wọ́n dá padà, mo sì ṣì ń retí èsì.

Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún wọn. Ìyàwó mi ka ohun tí mo kọ, ó ní méjì ló yẹ. Mo wo idì yẹn lára ògiri pálọ̀ wa, mo wo orí pánla tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo fi í sílẹ̀ ní mẹ́rin.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ kọ̀wé bi wọ́n léèrè bóyá olórí máa gbé kámẹ́rà tirẹ̀ síta ní alẹ́ aurora, kí ẹ sì tọ́jú èsì wọn. Ẹ fi bátìrì yín sínú aṣọ, lẹ́bàá ara, torí òtútù máa ń mu ún gbẹ. Tí ẹ bá wọlé, ẹ má tètè yọ kámẹ́rà kúrò nínú àpò, kí ooru ilé má bàa fi omi bo lẹ́ńsì yín. Tí wọ́n bá sì sọ fún yín pé ọmọbìnrin tó ń wa bọ́ọ̀sì yẹn ló máa kó yín lọ, ẹ sanwó lọ́jọ́ náà gan-an.