Ẹlẹ́kítíróòdù Ẹ́ńsáìmù àti ti Níkẹ́lì: Èwo Ló Yẹ Láàbù Òkè Ọya?

Ẹni tó bá fẹ́ máa wọn gúlúkóòsì inú ohun mímu ní láàbù kékeré, yálà ní Àbújá tàbí ní Kánò, yóò yàn láàárín méjì: ẹlẹ́kítíróòdù (ohun kékeré tó ń gbé iná mànàmáná, tí a ń rì bọ inú omi láti wọn ohun tó wà nínú rẹ̀) tí wọ́n fi glucose oxidase kùn, ìyẹn ẹ́ńsáìmù kan tó ń bá gúlúkóòsì ṣiṣẹ́, àti ti níkẹ́lì onínánò, tí ojú rẹ̀ kún fún ihò tíntìntín, tí kò sì lo ẹ́ńsáìmù rárá.

Ọ̀rọ̀ ooru ni mo fẹ́ fẹ̀ lójú, nítorí òun ló jẹ mí lówó. Pùrótéènì ni ẹ́ńsáìmù, ooru a sì máa bà á jẹ́. Nínú oṣù Ẹrẹ́nà, nígbà tí ooru Àbújá ń sún mọ́ 40°C, wọ́n fi páálí ẹlẹ́kítíróòdù ẹ́ńsáìmù kan ránṣẹ́ sí mi láti Èkó nínú búùtù bọ́ọ̀sì. Yìnyín tí olùtajà kó tì í ti di omi kí ó tó dé Gwagwalada. A ri ọ̀kan bọ inú omi gúlúkóòsì tí a mọ ìwọ̀n rẹ̀, ṣùgbọ́n ìlà tó yẹ kó gòkè lójú kọ̀ǹpútà kò fẹ́rẹ̀ẹ́ kúrò nílẹ̀. A po omi mìíràn, bákan náà ni. Olùtajà kò dá kọ́bọ̀ padà.

Níkẹ́lì kò ní ohun tí irú ooru bẹ́ẹ̀ lè pa. Inú omi kọ́sítíìkì sódà 0.1 M (M ni ìwọ̀n bí sódà ṣe pọ̀ tó nínú omi) ló ti ń ṣiṣẹ́: iná mànàmáná á sọ Ni(OH)₂, ìyẹn àdàpọ̀ níkẹ́lì tó bo ojú rẹ̀, di àdàpọ̀ mìíràn, NiOOH, ẹ ó sì rí i tí ó ń dúdú, NiOOH yìí ló ń gba ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù lọ́wọ́ gúlúkóòsì, tí yóò sì padà sí ipò rẹ̀ àtijọ́. Àléébù rẹ̀ ni pé kì í ya ṣúgà kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì: màltóòsì inú kúnú àti fúrúkítóòsì inú èso, gbogbo rẹ̀ ni yóò kà pọ̀, fítámì C náà sì lè dá sí i. Kò sì wà fún ẹ̀jẹ̀ aláìsàn.

Àwọn irin mìíràn náà wà tí wọn kò lo ẹ́ńsáìmù. Bàbà kò wọ́n, àmọ́ afẹ́fẹ́ ń yí ojú rẹ̀ padà. Wúrà lè ṣiṣẹ́ láìsí sódà, ṣùgbọ́n kílóráìdì inú iyọ̀ ń dí i lọ́wọ́, owó rẹ̀ sì ń dẹ́rù bani.

Bí fìríìjì yín kì í kú tọ̀sán-tòru, tí gúlúkóòsì nìkan sì jẹ yín lógún, ẹ ra ti ẹ́ńsáìmù. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, níkẹ́lì ni kí ẹ rà, pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ tí sódà kò lè jẹ, kí ẹ sì ní kí olùtajà fi ohun tí ẹlẹ́kítíróòdù náà kà nínú omi fúrúkítóòsì hàn yín kí ẹ tó sanwó.