Ẹ Fi Èékánná Bó Sítíkà Ara Dimmer Yẹn Wò Kí Ẹ Tó Sanwó

Ẹ̀yin ará Èkó tí ẹ ń ra smart dimmer (súwíìṣì tí à ń fi fóònù dín iná kù) àti smart plug (pọ́lọ́ọ̀gì tí à ń fi fóònù tàn tí a sì ń fi pa á) lọ́wọ́ àwọn tó ń polówó ọjà lórí WhatsApp, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ka èyí kí ẹ tó fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́. Wọ́n ń kó dimmer Amẹ́ríkà tó jẹ́ 120V wá, wọ́n ń lẹ sítíkà "220V" bò ó, wọ́n sì ń tà á fún wa. Yàrá ìyá mi ní Ṣómólú ni tèmi ti bú.

Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ ojú fún màmá ni. Iná tó bá mọ́lẹ̀ jù máa ń ta wọ́n lójú lálẹ́, bẹ́ẹ̀ wọn ò lè fi òkùnkùn táràrà lọ sílé ìwẹ̀. Ìdí tí mo fi wá dimmer kiri nìyẹn, kí n lè máa fi fóònù dín iná náà kù láti yàrá tèmi. Ọkùnrin kan ní òun ní in, ₦18,000 ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo bi í léèrè iná tó ń lò. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fọkàn balẹ̀. Ojúlówó ti Amẹ́ríkà ni, wọ́n ti ṣe é fún iná Nàìjíríà." Ẹ jọ̀ọ́, ẹ di gbólóhùn yẹn mú. Ẹni tó bá sọ ọ́ fún yín, ẹ má rajà lọ́wọ́ rẹ̀. Iná Amẹ́ríkà jẹ́ 120V, tiwa jẹ́ 230V, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì. Kò sí ẹni tó ń jókòó ní ṣọ́ọ̀bù tó ń tún un ṣe ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Sítíkà ni wọ́n ń lẹ̀.

Mo ra mẹ́rin, mo fi smart plug méjì kún un. Oníná wá so èyí àkọ́kọ́ nírọ̀lẹ́. Nígbà tí nẹ́pà mú iná dé, gílóòbù mọ́ rekete, kò pẹ́ la gbọ́ "gbàù!" Èéfín yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ súwíìṣì, bíréékà já. Màmá ń pariwo láti orí bẹ́ẹ̀dì pé kí ló ń rùn. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n bí mo ṣe ń fà wọ́n jáde nínú yàrá.

Lẹ́yìn tí oníná tú u, mo rí i pé ooru ti ká etí sítíkà yẹn sókè. Mo fi èékánná bó o. Lábẹ́ rẹ̀, lára ike gan-an, wọ́n tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀: 120V, 60Hz. Nínú rẹ̀, nǹkan róbótó aláwọ̀ búlúù kan, tí kò ju bọ́tìnnì ẹ̀wù lọ, ti là sí méjì. Oníná ní òun ló máa ń gba ẹ̀ṣẹ́ iná tó bá ju agbára lọ, àmọ́ iná Amẹ́ríkà ni wọ́n wọ̀n ọ́n fún. Iná wa kò fún un láàyè rárá.

Mo pe ọkùnrin náà. Ó kọ́kọ́ ní ínfẹ́tà wa ló bà á jẹ́. A ò ní ínfẹ́tà. Ó ní oníná mi ò mọ̀ ọ́n so ni. Ìgbà tí mo fi àwòrán ohun tó wà lábẹ́ sítíkà ránṣẹ́ sí i, ó dínà mọ́ mi.

Irú àwáwí yìí máa ń rọrùn fún wọn nítorí pé dimmer ní wàhálà tirẹ̀ lóòótọ́. Nínú ọ̀pọ̀ ilé wa, wáyà méjì péré ló wà lẹ́yìn súwíìṣì, láìfù (wáyà tó ń gbé iná wá) àti èyí tó lọ sí gílóòbù, kò sí nútírà (wáyà tí iná ń gbà padà). Bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ smart dimmer nílò nútírà, torí Wi-Fi inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ máa rí iná jẹ kódà tí gílóòbù bá wà ní pípa. Gílóòbù LED tí wọn ò bá kọ "dimmable" (pé ó ṣeé dín kù) sí páálí rẹ̀ náà á máa ṣẹ́jú, á máa kùn. Ẹ yanjú ìwọ̀nyí pẹ̀lú oníná yín kí ẹ tó rà á, kí òǹtajà má baà rí nǹkan sá sí lẹ́yìn. Ẹ má sì so fáànù mọ́ ọn.

Smart plug méjèèjì ńkọ́? 16A ni wọ́n kọ sí wọn lára; A yìí ni ìwọ̀n bí iná tó lè gba inú wọn kọjá ṣe pọ̀ tó. Pọ́lọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí à ń lò kì í gbé ju 13A lọ, torí náà irọ́ ni 16A yẹn látìbẹ̀rẹ̀. A tú ọ̀kan: 10A ló wà lára àpótí kékeré tó ń tan iná tó sì ń pa á nínú rẹ̀. Ìkòkò iná 3000W tí à ń fi se omi tíì á fẹ́ 13A odidi. Ẹ fojú inú wo ẹni tó ki irú rẹ̀ bọ ibẹ̀ láràárọ̀.

Bí ẹ bá ṣì fẹ́ rà, ẹ ní kí wọ́n ya ẹ̀yìn rẹ̀ fún yín, kì í ṣe páálí, kì í ṣe iwájú tó ń dán. 220–240V, 50Hz dára. 100–240V náà dára. Tó bá jẹ́ sítíkà ni wọ́n kọ ọ́ sí, ẹ bó o lójú ẹni tó gbé e wá kí ẹ tó sanwó. Bí wọ́n bá ní kí ẹ kọ́kọ́ sanwó, ẹ fi ọjà wọn sílẹ̀ fún wọn. Ẹ tọ́jú risíìtì àti ọ̀rọ̀ tí ẹ jọ sọ. Mo ti kó tèmi lọ fún FCCPC, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo oníbàárà, nítorí òfin ọdún 2018 tó dá wọn sílẹ̀ fún oníbàárà lẹ́tọ̀ọ́ sí ọjà tó dára tí kò sì léwu, ohun yòówù kí òǹtajà kọ sórí risíìtì rẹ̀.

Bí irú rẹ̀ bá ti wà lógiri yín báyìí, tí ẹ rí sítíkà funfun tó wọ́ díẹ̀ lára rẹ̀, ẹ pa bíréékà lálẹ́ òní, kí ẹ pe oníná láàárọ̀ ọ̀la kó tú u wò.