Wáyà ẹ́ẹ̀tì tín-ín-rín nínú ilé àtijọ́: ká tú gbogbo wáyà ni, àbí ká ra ọ̀pá ẹ́ẹ̀tì tuntun àti RCCB, ẹ̀rọ tó ń pa iná bó bá ń jò?

Nílé màmá mi ní Òkè-Baálẹ̀, l'Óṣogbo níbí, kò sẹ́ni tó ń ṣí fírísà láìwọ sílípáàsì. Bí àlejò bá fẹ́ mu omi tútù, wọ́n á ní, "Wọ bàtà o, kí iná má gbé ẹ." Oníṣẹ́ iná tá a kọ́kọ́ pè tú sọ́kẹ́ẹ̀tì kan, ó rí i pé wáyà ẹ́ẹ̀tì, èyí tó ń gbé iná tó bá jò kúrò lára ẹ̀rọ, tín-ín-rín ju méjì yòókù lọ, ló bá ní àfi ká tú gbogbo wáyà ilé. Owó tó pè, á ra fírísà tuntun méjì. Ẹnì kejì ò tiẹ̀ wo sọ́kẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀yìnkùlé ló gbà lọ, ó ká koríko sẹ́gbẹ̀ẹ́: wáyà tó yẹ kó so mọ́ ọ̀pá ẹ́ẹ̀tì ti jẹ dànù, ọ̀pá dá dúró bí èèkàn ewúrẹ́.

Nínú wáyà pẹlẹbẹ àtijọ́ ti Ìlú Ọba, 2.5mm sábà máa ń ní ẹ́ẹ̀tì 1.0mm, 1.5mm ni ti òde òní. Àwọn ará Amẹ́ríkà náà ń pariwo wáyà ayé 1960 tí ẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kéré, wọn ò sì jayò pa. Lọ́dọ̀ tiwọn, ẹ́ẹ̀tì so mọ́ neutral (wáyà tí iná ń gbà padà) nínú bọ́ọ̀dù, nítorí náà bí iná bá jò, iná ńlá ló ń já gba inú rẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ilé wa, inú ilẹ̀ ló ń gbà. Bí ìdènà tí iná ń bá pàdé níbi ọ̀pá yín bá jẹ́ 20 ohm, iná 230 fólítì kò lè kọjá 11.5A níbẹ̀. Bírékà 20A ò ní mira, ara fírísà á sì máa gbé èèyàn lọ.

RCCB 30mA kì í dúró de 11.5A. 0.03A tó jò ti tó láti já a, wáyà 1.0mm á sì gbé ìyẹn láìmikàn. Òun pẹ̀lú ọ̀pá bàbà 1.2m ni mo fara mọ́. Ọjọ́ kan ni iṣẹ́ ilé màmá mi gbà. Àléébù rẹ̀: bí wọ́n bá ti so neutral pọ̀ mọ́ ẹ́ẹ̀tì níbì kan nínú ilé, á máa já ṣáá títí ẹ ó fi wá ibẹ̀ rí. Kò sì rọ́pò bírékà, torí kò mọ̀ bí ẹrù bá pọ̀ jù. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ máa bu omi sídìí ọ̀pá.

Àwọn ilé kan wà tó jẹ́ títú gbogbo wáyà ló yẹ wọ́n. Ẹ pa iná ní mítà, ẹ tú sọ́kẹ́ẹ̀tì kan, ẹ tẹ wáyà níwọ̀nba. Bí rọ́bà ara rẹ̀ bá ń rún bí àkàrà àná, tàbí tí ẹ́ẹ̀tì kò sí rárá, RCCB nìkan ò gbà yín. Bó bá jẹ́ inú páìpù ni wáyà wà, wáyà àtijọ́ ni wọ́n á fi fa tuntun wọlé. Ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni gbẹ́ ògiri. Lórí pákó lójú ògiri, ó tún rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ògiri alámọ̀ tí wọ́n bo wáyà mọ́ ni wàhálà wà.

Bẹ́ ẹ bá ń ra wáyà, ẹ mú ọ̀bẹ dání. Ẹ fá orí rẹ̀ díẹ̀ níwájú ẹni tó ń tà á. Bó bá funfun nísàlẹ̀, kì í ṣe bàbà, ẹ dá a padà fún un.